Ta Ni Ó Wọn Adágún Chad? Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Tí Ń Lọ sí T.P.

Láìpẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa yóò jáde lọ fún T.P., tí a ó lọ dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Àwọn tí yóò kọ́ni ní jọ́gíráfì àti sáyẹ́ǹsì nípa ilẹ̀ ayé ni mo dìídì fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń kọ́ ìṣirò tàbí Yorùbá má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò mọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn nǹkan, láti inú àkọsílẹ̀ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gan-an ń lò, yóò mọ ohun tí ọmọ tí ó kàn da nóòtì kọ kò lè mọ̀. Kí ó má ba à dà bí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan tí ó wà níhìn-ín ní Òkè Ọya pẹ̀lú wa, èyíinì ni Adágún Chad.

Omi ńlá yìí wà ní ìkángun ìpínlẹ̀ Borno, níbi tí ilẹ̀ Nàìjíríà, Niger, Chad àti Kamẹrúùnù ti pàdé. Bí ẹ bá gba ìwé nóòtì ọmọ SS2 wò, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá gbólóhùn bí èyí níbẹ̀ pé Adágún Chad ń gbẹ lọ, pé ó ti pàdánù ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún omi rẹ̀. Ọmọ yóò há a sórí, yóò bì í jáde sórí ìwé ìdánwò, yóò gba máàkì méjì, ó tán. Ẹ wá bi í pé: láti ọdún wo sí ọdún wo? Ta ni ó wọ̀n ọ́n? Kí ni ó fi wọ̀n ọ́n? Ẹnu ọmọ yóò wọhò. Bí ẹ bá sì yíjú sí olùkọ́ rẹ̀, àfàìmọ̀ kí ẹnu tòun náà má wọhò.

Ibi tí nọ́ńbà náà ti wá nìyí. Ní ọdún 1963, adágún náà kún dẹ́múdẹ́mú. Omi rẹ̀ gba ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí kìlómítà onígun mẹ́rin 25,000. (Kìlómítà onígun mẹ́rin kan ni ilẹ̀ tí ó gùn ní kìlómítà kan, tí ó sì fẹ̀ ní kìlómítà kan.) Ọ̀dá ńlá wọ ilẹ̀ Sahel ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, omi náà sì pín sí méjì, ti àríwá lọ́tọ̀, ti gúúsù lọ́tọ̀. Ọ̀dá mìíràn tún dé ní 1983 sí 1984. Nígbà tí yóò fi di àárín àwọn ọdún 1980, omi tí ojú lè rí níbẹ̀ kò tó 2,000 mọ́. Ẹ yọ 2,000 kúrò nínú 25,000, kí ẹ fi 25,000 pín èyí tí ó kù: ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ. Ìṣirò náà péye. Ṣùgbọ́n 1963 sí nǹkan bí 1985 ni ìṣirò náà ń sọ o! Nǹkan bí ogójì ọdún ti kọjá lẹ́yìn náà, nóòtì ṣì ń wí pé “ń gbẹ lọ”, àfi bí ẹni pé àná ni wọ́n wọ̀n ọ́n.

Báwo ni a ṣe lè mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn 1985? Láti òkè ni a ti ń wò ó. Ní oṣù keje ọdún 1972 ni Amẹ́ríkà fi àkọ́kọ́ nínú àwọn sátẹ́láìtì tí wọ́n ń pè ní Landsat ránṣẹ́ sójú ọ̀run. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ya àwòrán ilẹ̀ ayé. Bí ọ̀kan bá darúgbó, òmíràn á gba ipò rẹ̀. Ní báyìí, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún mẹ́rìndínlógún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń padà wá ya ibi kan náà. Kí ó tó di 2008, owó gọbọi ni wọ́n fi ń ra àwòrán wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ní ọdún náà ni àjọ USGS ti Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé. Ti 1963 tí mo mẹ́nu bà yẹn yàtọ̀. Sátẹ́láìtì amí ni ó yà á, nígbà tí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ń ṣọ́ ara wọn lójú lójú. Ìgbà tí ìjà náà rọlẹ̀, ní àwọn ọdún 1990, ni wọ́n tó tú àwọn àwòrán náà síta. Ohun tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ̀tá lánàá ni ọmọ SS2 lè fi kọ́ jọ́gíráfì lónìí.

Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí ogun Boko Haram ti bẹ̀rẹ̀ ní 2009, ta ni yóò kó ọmọ ọlọ́mọ sínú bọ́ọ̀sì pé òun ń mú wọn lọ wo etí adágún? Àwòrán ni yóò gbé adágún wá bá wọn.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nínú kíláàsì. Kí olùkọ́ wá àwòrán mẹ́rin: ti 1963, ti 1973, ti 1987 àti ti ọdún àìpẹ́ yìí. Kí ó tẹ̀ wọ́n sórí bébà ní ìwọ̀n kan náà, bí àpẹẹrẹ kí sẹ̀ǹtímítà kan lórí bébà dúró fún ogún kìlómítà lórí ilẹ̀. Kí ọmọ gbé bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a lè rí òdì kejì rẹ̀ lé orí àwòrán, kí ó fi pẹ́ńsù tẹ̀lé etí omi yíká. Lẹ́yìn náà, kí ó gbé ohun tí ó yà lé orí pépà gíráàfù, kí ó ka àpótí sẹ̀ǹtímítà tí omi gbà. Àpótí kan jẹ́ ogún lọ́nà ogún, èyíinì ni kìlómítà onígun mẹ́rin 400. Èyí tí omi gbà ju ìdajì rẹ̀ lọ, kí ó kà á. Èyí tí kò tó ìdajì, kí ó fi í sílẹ̀. Fún 1963 ó yẹ kí ó rí nǹkan bí àpótí méjìlélọ́gọ́ta. Fún àárín àwọn ọdún 1980, bóyá ni yóò fi pé márùn-ún. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú kíláàsì, kò sí jẹnẹrétọ̀, iṣẹ́ sì ń lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn ni ibi tí ìdáhùn kò ti ní bára mu. Ẹgbẹ́ kan lè ní àpótí 58, kí òmíràn ní 66. Olùkọ́ tí ìkánjú ń bá yóò bínú, yóò sì kọ “ìdáhùn gidi” sí ojú pátákó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí àwọn méjèèjì gbé bébà wọn wá síwájú. Ẹ ó rí i pé etí omi ni wọ́n ti yapa. Ibì kan wà nínú àwòrán tí kò jọ omi pátápátá, tí kò sì jọ iyanrìn: koríko odò àti ìféfé ni ó hù nínú omi níbẹ̀ tí ó bo ojú rẹ̀. Ṣé omi ni kí á pè é ni, àbí ilẹ̀? Ìbéèrè yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ ń bá ara wọn fà. Bí a bá ka omi tí ó là gbangba nìkan, adágún òde òní kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 1963. Bí a bá ka omi abẹ́ koríko mọ́ ọn, ó ju 10,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ ní àsìkò tí ó bá kún. Nípa bẹ́ẹ̀, ìwé ìròyìn méjì lè kọ nọ́ńbà méjì tí ó jìnnà síra bí ọ̀run àti ilẹ̀, kí ó má sì sí òpùrọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ọmọ tí ó ti fi pẹ́ńsù ara rẹ̀ kọlu ọ̀rọ̀ yìí kò tún ní gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láì bèèrè ohun tí wọ́n kà àti ohun tí wọ́n fi sílẹ̀.

Oṣù tún ń dá tirẹ̀. Ẹ wá àwòrán méjì tí ó sún mọ́ra, ọ̀kan ti oṣù keje, ọ̀kan ti oṣù kìíní tí ó tẹ̀ lé e. Kí ẹ tó fi hàn wọ́n, ẹ bi kíláàsì léèrè ìgbà tí adágún yóò kún jù. Gbogbo wọn ni yóò pariwo pé, “Ìgbà òjò!” Rárá o. Ní nǹkan bí oṣù kejìlá sí oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ tí ètè gbogbo wa ń sán, ni apá gúúsù adágún náà máa ń kún jù. Ìdí ni pé òjò Borno kọ́ ni ó ń bọ́ ọ. Nǹkan bí ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún omi tí ń wọ inú rẹ̀ ni ó ń bá odò Chari àti Logone wá, àwọn odò tí orísun wọn wà ní Central African Republic àti Kamẹrúùnù. Òjò tí ó rọ̀ lọ́hùn-ún ní oṣù kẹjọ ní láti rin ọ̀nà jíjìn lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí yóò máa yà sí àbàtà lọ́tùn-ún lósì, kí ó tó délé. Odò Yobe tí ó ti ọ̀dọ̀ tiwa wọ adágún náà kò mú ohun púpọ̀ dání. Ẹni tí ó bá wá fi àwòrán oṣù kìíní wé ti oṣù keje, tí ó ń ké pé adágún ti súnkì, dà bí ẹni tí ó wọn odò Ògùn ní oṣù kẹsàn-án, tí ó tún lọ wọ̀n ọ́n ní oṣù kejì, tí ó wá ń sọ kiri Abẹ́òkúta pé odò ti kú.

Ṣùgbọ́n lójú tèmi, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Òjò pọ̀ ní ilẹ̀ Sahel ní àwọn ọdún 1950 àti 1960. Nítorí náà 1963 kì í ṣe bí adágún náà ṣe máa ń rí látọjọ́. Ìgbà tí ó yó ni. Ọ̀gágun Faransé kan, Jean Tilho, tí ó lọ wọn ilẹ̀ agbègbè náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, bá a ní kékeré gan-an ní 1908. Ẹ tún wá wo ẹ̀yìn 1985. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í padà díẹ̀díẹ̀ láti àwọn ọdún 1990. Ní 2020, Binh Pham-Duc àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú Scientific Reports, níbi tí wọ́n ti lo àkọsílẹ̀ sátẹ́láìtì fún nǹkan bí ogún ọdún. Wọ́n ní adágún náà kò súnkì ní gbogbo àkókò yẹn, pé omi abẹ́ ilẹ̀ agbègbè náà tilẹ̀ ń pọ̀ sí i ni. Bí ọmọ bá fi 1963 bẹ̀rẹ̀ gíráàfù rẹ̀, ìlà yóò já wálẹ̀ bí òkúta. Bí ó bá fi 1985 bẹ̀rẹ̀, ìtàn mìíràn ni yóò rí. Adágún kan náà ni o.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé kò sí wàhálà níbẹ̀. Ọ̀dá méjèèjì yẹn pa màlúù, ó lé apẹja kúrò nílé, adágún náà kò sì tíì padà sí bí ó ti rí ní 1963. Ohun tí mo ń wí ni pé adágún tí ń gbẹ lọ láìdúró yàtọ̀ sí adágún tí ń fẹ̀ tí ó sì ń súnkì bí òjò bá ṣe wí. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ rọrùn láti fi han ọmọ. Ẹ gbé garawa kan àti àwo pẹrẹsẹ kan wá, kí ẹ bu omi sínú méjèèjì, kí ẹ wá bu ife kan kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi garawa yóò relẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ní kéré. Ti àwo yóò fà sẹ́yìn láti gbogbo etí. Àwo pẹrẹsẹ ni Adágún Chad. Ní ibi púpọ̀, jíjìn rẹ̀ kò ju mítà mélòó kan lọ, nítorí náà bí omi bá fi díẹ̀ relẹ̀, ilẹ̀ rẹpẹtẹ ni yóò yọ síta.

Bí ẹnìkan bá wí pé ọ̀rọ̀ ilé ìwé lásán ni èyí, ẹ ní kí ó wo iṣẹ́ ìbomirinlẹ̀ South Chad tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní Borno ní àwọn ọdún 1970. Hẹ́kítà ilẹ̀ 67,000 ni wọ́n pète láti fi omi adágún náà bu rin. Wọ́n la ojú omi, wọ́n sì ri ẹ̀rọ tí ń fa omi mọ́lẹ̀. Ọ̀dá àwọn ọdún 1980 dé, adágún fà sẹ́yìn, omi kò dé ẹnu ẹ̀rọ mọ́. Ẹ̀rọ ń bẹ, omi ò sí! Àwọn tí ó pète rẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ìgbà tí omi ṣì pọ̀ ni wọ́n gbójú lé.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì tán. Ní oṣù kejì ọdún 2018, ìpàdé àgbáyé kan wáyé ní Àbújá lórí bí a ó ṣe gba adágún náà là, wọ́n sì fọwọ́ sí èrò pé kí á la omi láti agbègbè odò Congo wá síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò gbà. Bóyá ó yẹ ní ṣíṣe, bóyá kò yẹ, n kò lọ sí ìyẹn. Àmọ́ ẹni tí yóò dìbò, tí yóò sì san owó orí, yẹ kí ó lè dìde kí ó bèèrè pé, “Ìwọ̀n ọdún wo ni ẹ fi ṣe ètò yìí? Ṣé ẹ ka omi abẹ́ koríko mọ́ ọn?” Àwọn ọmọ tí ẹ ń lọ kọ́ yìí ni yóò di ẹni náà.

Ẹ má sì gbàgbé pé orí ilẹ̀ gan-an náà jẹ́ àkọsílẹ̀. Òkìtì iyanrìn gbọọrọ kan wà tí ó gba Maiduguri kọjá lọ sí Bama. Etí adágún àtijọ́ ni. Ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ibẹ̀ ni omi ń bì lù, nígbà tí adágún náà ju kìlómítà onígun mẹ́rin 300,000 lọ. Kí ọmọ fi rúlà wọ̀n ọ́n lórí máàpù láti Maiduguri dé etí omi ti òde òní: ó ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ. Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ pé ojú ọjọ́ ayé ń yí padà kò tún ní jẹ́ àlọ́ létí rẹ̀ mọ́.

Mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Ọmọ ọgọ́rin wà nínú kíláàsì, ọ̀gá ilé ìwé ń wo sílébọ́ọ̀sì, owó bébà ń kọ́? Àwòrán mẹ́rin péré ni. Fọ́tókọ́pì kan fún ọmọ márùn-ún tó, bí ẹ bá sì fi ọ̀rá bò ó, tí wọ́n ń gbà á padà, yóò lo ọdún kan. Ti sílébọ́ọ̀sì kò le: máàpù kíkà wà níbẹ̀, odò wà níbẹ̀, ojú ọjọ́ wà níbẹ̀. Ohun tí mo bẹ̀rù ju ìyẹn lọ ni olùkọ́ tí ìtara yóò gbà, tí yóò lọ kó ojú ewé mẹ́wàá tí ó kún fún nọ́ńbà dé iwájú ọmọ. Àkọsílẹ̀ tí ó pọ̀ jù kò yàtọ̀ sí nóòtì dídà kọ. Ìbéèrè kan, àwòrán mẹ́rin, ó tó.

Ibi tí àwòrán kò bá sì sí rárá, agolo wà. Kí ó jẹ́ agolo tí ìdí àti ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bákan náà, nítorí èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí lọ yóò purọ́ nípa òjò. Ẹ gbé e sí gbangba, jìnnà sí igi àti òrùlé. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ lójoojúmọ́, kí ọmọ kan ti rúlà bọ̀ ọ́, kí ó kọ iye mílímítà omi inú rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì dà á nù. Ọjọ́ tí òjò kò bá rọ̀, kí ó kọ òdo. Ẹ tẹnu mọ́ èyí fún wọn dáadáa: òdo yàtọ̀ sí àyè tí a kò kọ nǹkan kan sí. Ní òpin táàmù, ẹ fi àpapọ̀ rẹ̀ wé ti NiMet fún ìlú tí ó sún mọ́ yín jù.

Ilẹ̀ mímì náà ń bẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gba ìmúrasílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Mpape ní Àbújá ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ibùdó tí ń ṣọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà ní Toro ní ìpínlẹ̀ Bauchi. Ìmìtìtì méjì ni ẹ̀rọ wọn máa ń kọ sílẹ̀, ọ̀kan yára, èkejì ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Fún ilẹ̀ mímì tí kò jìnnà, ìṣẹ́jú-àáyá kan tí ó wà láàárín méjèèjì dúró fún nǹkan bí kìlómítà mẹ́jọ. Pẹ̀lú ibùdó mẹ́ta àti kọ́ńpáàsì kan, ọmọ lè ya òbìrí mẹ́ta, ibi tí wọ́n bá sì ti pàdé ni ilẹ̀ ti mì.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Adágún Chad, kí ó ti wá àwòrán rẹ̀ kí T.P. tó wọlé. Ojúlé tí wọ́n ń pè ní EarthExplorer, ti àjọ USGS, ni kí ó lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, orúkọ nìkan ni yóò fi sílẹ̀. Ti 1963 tí ó gbajúmọ̀ jẹ́ ti ìparí oṣù kẹwàá, nítorí náà ẹ wá èyí tí ó sún mọ́ oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá fún àwọn ọdún yòókù, kí ọmọ kan lẹ́yìn kíláàsì má ba à nawọ́ sókè pé, “Ọ̀gá, oṣù wọn kò dọ́gba.”